Kí ni jẹjẹrẹ ń jẹ? Ìdáhùn fún ọmọ tó kó ẹ̀kọ kúrò níwájú ìyá rẹ̀

A ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ omi mímu àti ìfọwọ́ la ó máa bá lọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wọlé tí kò ṣeé sún síwájú, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ omi ṣì dúró ná.

Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀dọ́bìnrin kan dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Jẹjẹrẹ ọmú ń bá ìyá rẹ̀ jà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá, wọ́n sì ti fa oògùn jẹjẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ sí kímò sí i lára lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wọn pé ṣúgà ni oúnjẹ jẹjẹrẹ, pé ẹni tó bá ti fi ṣúgà dù ú, ebi ni yóò pa á kú. Ọmọ yìí fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó kó ṣúgà kúrò nílé, ó kó oyin àti dàbínù. Lẹ́yìn náà ó kó ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀bà àti àmàlà, nítorí wọ́n ní inú ara ni gbogbo wọn ti ń di ṣúgà. Ó wá ku ewébẹ̀ àti omi gbígbóná. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀wù ìyá ti ń yọ̀ bọ́ léjìká. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ní ara rẹ̀ kò lè gba kímò bẹ́ẹ̀. Kó lọ jẹun, kó padà wá.

Ìbéèrè méjì ló bi wá. Àkọ́kọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irọ́ ni pé jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà ni?" Ìkejì: "Wọ́n ní lókè òkun, wọ́n máa ń gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ aláìsàn, wọ́n á máa sìn ín nínú ìgò, wọ́n á wá dán oògùn wò lára rẹ̀ kí wọ́n tó fún aláìsàn náà. Ṣé ìyá mi lè rí bẹ́ẹ̀ gbà?"

A kò lè dá a lóhùn tán lórí ìdúró. Ohun tí a bá a sọ lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a padà lọ wádìí, la kó sílẹ̀ fún gbogbo ilé báyìí, nítorí ó dá wa lójú pé kì í ṣe ìdílé yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ WhatsApp náà dé.

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ló wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n gbé òtítọ́ náà lọ ni kò dára. Ẹ wo ògì wa. Bí a bá lọ àgbàdo, tí a sẹ́ ẹ, tí a fi omi lé e, kò ní pẹ́ tí omi yẹn á kan. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di kíkan, wọn kò sì nílò afẹ́fẹ́ láti ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí Ọlọ́hun fi mọ ara, bí búlọ́ọ̀kù ṣe di ilé. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jó ṣúgà, bí iná ṣe ń jó igi, agbára púpọ̀ sì ń tibẹ̀ jáde. Àyàfi bí èèyàn bá sáré kíkan tí afẹ́fẹ́ kò kárí ni iṣan ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà di kíkan bíi ti ògì.

Ní àwọn ọdún 1920 sókè, onímọ̀ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Otto Warburg, ní ìlú Berlin, gé kókó jẹjẹrẹ lára eku ní pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọn ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń tú jáde. Ó bá a pé kókó náà ń jẹ ṣúgà lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di kíkan, ohun kíkan kan náà tó wà nínú omi ògì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ tí ó pọ̀ tó. Warburg rò pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo afẹ́fẹ́ ló bàjẹ́, pé òun ló fa jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Àwọn tó tẹ̀lé e rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí wọ́n ń ná ṣúgà ní ìnákúnàá? Ẹni tó ń kọ́lé kì í fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì, kí méjì di mẹ́rin, nílò ohun èlò tí yóò fi kọ́ ara tuntun, ó sì ń rí díẹ̀ nínú ohun èlò náà láti ara ṣúgà tí kò jó tán.

Àwọn dókítà ti ń jàǹfààní ìmọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà tí wọ́n ń pè ní PET. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n so ohun tó ń tàn mọ́, ohun títàn náà yóò sì ti dín sí ìlàjì kó tó pé wákàtí méjì. Ibi tí ṣúgà náà bá kó jọ sí ni yóò tàn lórí àwòrán, wọ́n á sì mọ ibi tí jẹjẹrẹ sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ọpọlọ tí kò ní àrùn kankan náà máa ń tàn yòò lórí àwòrán yìí, nítorí ṣúgà lòun náà ń jẹ. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate àwọn bàbá wa kì í sì í tàn dáadáa rárá, débi tí wọ́n fi ní láti wá ohun mìíràn tí wọ́n á fi wá a. Gbogbo jẹjẹrẹ kọ́ ni ẹnu rẹ̀ fẹ́ nǹkan kan náà. Òmíràn ń jẹ ọ̀rá, òmíràn ń jẹ èròjà ẹran àti ẹ̀wà, òmíràn á sì yí oúnjẹ padà bí wọ́n bá dí ọ̀nà kan mọ́ ọn.

Nígbà náà, kí ló dé tí a kò fi lè fi ebi pa á? Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ rántí Rámádáànì. Láti sààrì títí di ìṣínu, a kì í fi nǹkan kan ẹnu, síbẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í tán. Ẹ̀dọ̀ ló ti fi díẹ̀ pamọ́ tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìpamọ́ yẹn bá tán, tí oúnjẹ kò sì dé, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà inú ẹran ara wa ṣe ṣúgà tuntun, kí ọpọlọ má bàa kú. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe jẹjẹrẹ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ń rí ṣúgà tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ẹran apá àti ẹsẹ̀ ìyá ni wọ́n ń tú palẹ̀ láti san owó rẹ̀. Ẹni tó bá rù báyìí, kímò máa ń mú un le, wọ́n á sì máa dín oògùn rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n máa sún un síwájú, àkókò tí ó yẹ kí oògùn fi ja jẹjẹrẹ á sì máa lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ rò pé bí oúnjẹ kò bá ṣe é, oògùn àtọ̀gbẹ á ṣe é. Metformin ni wọ́n ń sọ, oògùn tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ń lò. Wọ́n dán an wò dáadáa: àwọn obìnrin tó lé ní 3,600 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, ni wọ́n pín sí méjì ní Canada, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Switzerland. Wọ́n fún apá kan ní metformin kún ìtọ́jú wọn, wọ́n fún apá kejì ní ayédèrú tó jọ ọ́. Èsì jáde ní 2022: fún jẹjẹrẹ ọmú tó wọ́pọ̀ jù, kò dá àrùn náà dúró kó má padà wá. Ẹni tí dókítà fún un nítorí àtọ̀gbẹ, kó máa lò ó nítorí àtọ̀gbẹ.

Ibi tí ìmọ̀ oúnjẹ jẹjẹrẹ ti gba ẹ̀mí là ní tòótọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ní 1953, onímọ̀ kan ní New York tó ń jẹ́ John Kidd rí nǹkan ìyanu kan. Ó gba omi ara ẹ̀jẹ̀ guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ òkété, ó fún eku tó ní jẹjẹrẹ, kókó ara eku náà sì ń yọ́. Ti àwọn ẹranko mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tó bí ọdún mẹ́jọ kí onímọ̀ mìíràn, John Broome, tó rí ìdí rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ guinea pig tó ń gé èròjà kan tí a ń pè ní asparagine. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lè ṣe asparagine fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé kò lè ṣe tó. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń tọrọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́n ọn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì burúkú náà á kú, ti ọmọ á sì yè. Títí di òní, abẹ́rẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí wà lára oògùn tí wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ ọmú, nítorí oúnjẹ tí kókó ọmú ń jẹ kọ́ nìyẹn.

Irú rẹ̀ mìíràn dé láìpẹ́. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. Nínú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan àti kókó ọpọlọ kan, jíìnì kan tó ń jẹ́ IDH ti yí padà, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa po èròjà kan tí kì í pọ̀ lára èèyàn. Ní 2017 àti 2018, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn méjì tó ń dá a dúró nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ti kókó ọpọlọ ní 2024. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n bá àyípadà yìí lára jẹjẹrẹ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹni méjì lè jọ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lórúkọ, kí oògùn ọ̀kan má wúlò fún èkejì.

Ibí yìí ni ìbéèrè kejì ọmọ náà ti wọlé. Bí oúnjẹ wọn kò bá dọ́gba, tí ohun tó ń pa wọ́n kò sì dọ́gba, ta ni a ó bi? Kókó náà fúnra rẹ̀ ni. Sísin jẹjẹrẹ nínú ìgò kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Henrietta Lacks wá gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà, wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú lọ́dún náà gan-an, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé kò kú. Ó ń pọ̀ sí i nínú àwo títí di òní, gbogbo ayé sì ń lò ó fún ìwádìí. Ó lé ní ogún ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó mọ̀ rárá. Ní 2023 ni ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń tà á tó bá ẹbí náà parí ẹjọ́. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn láti ìgbà náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ àwo bí epo lójú omi, ìṣe rẹ̀ sì ti jìnnà sí ti inú ara. Ní 2009, ní ìlú Utrecht ní Netherlands, Hans Clevers àti Toshiro Sato tó wá láti Japan rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ẹyọ sẹ́ẹ̀lì ìfun eku sínú ohun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n fún un ní èròjà tó yẹ, ó sì hù di ìfun kékeré tó ní kọ̀rọ̀ àti igun bíi ti ìfun gidi. Organoid ni wọ́n ń pè é. Àwa ó máa pè é ní ẹ̀dà kékeré. Ní 2015 wọ́n ti ṣe ẹ̀dà kékeré jẹjẹrẹ ìfun ńlá láti ara ogún aláìsàn, wọ́n tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín, bí ẹni ń pa irúgbìn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti sọ: wọ́n á gé ẹran tí kò ju èso ẹ̀wà lọ, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á gbìn ín sínú ohun rírọ̀ náà, wọ́n á máa pààrọ̀ omi oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ róbótó tín-tìn-tín á ti wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ìdáhùn inú àwo bá ti inú ara mu? Àwọn dókítà ní London dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2018. Àwọn 71 aláìsàn tí jẹjẹrẹ inú wọn ti tàn káàkiri ni wọ́n gba ẹran lára wọn, wọ́n sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú wọn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dà kókó wọn. Oògùn tí ẹ̀dà kò gbọ́ rárá, aláìsàn tó ni ín kò gbọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀dà gbọ́, ìgbà 88 nínú 100 ni ó ṣiṣẹ́ lára aláìsàn. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìdajì àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ oògùn tí yóò ré irun, tí yóò jẹ owó, tí kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ara. Kò sí ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, kò sí ọmọ ogun ara tí Ọlọ́hun fi ń ṣọ́ wa, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Ẹran ẹlòmíràn kò sì ní hù rárá, àkókò tí ó sì ń gbà pọ̀ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń sáré. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú omi oúnjẹ kan tí ọ̀pọ̀ láàbù ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ṣúgà tó wà níbẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Àwọn kan ní Whitehead Institute ní Massachusetts wá po omi oúnjẹ tó jọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n jábọ̀ iṣẹ́ wọn ní 2017. Nígbà tí wọ́n fi sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, oògùn kan tó gbajúmọ̀, 5-FU, kò pa á tó bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀. Uric acid ló fà á, èyí tó ń fa ìrora oríkèé gáàtì bí ó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀. Ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ó kéré nínú ti eku, kò sì sí nínú omi oúnjẹ àtijọ́ rárá. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló yí ìdáhùn oògùn padà.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé bí ẹ bá ka á pé nǹkan kan "pa jẹjẹrẹ ní láàbù", kí ẹ béèrè pé nínú kí ni. Iyọ̀ tó pọ̀ náà á pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo, ọṣẹ náà á pa á. Habbatu sauda wà lára ohun tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. A mọ ipò rẹ̀ lọ́kàn àwa Mùsùlùmí, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó ń lò ó, tàbí àgbo èyíkéyìí, sọ fún dókítà rẹ̀ kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò tú méjèèjì palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yìí tún mú wa padà sórí 5-FU àti ẹ̀dà rẹ̀ oníhóró, capecitabine, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ti ọmú àti àwọn mìíràn. Kì í ṣe bí jẹjẹrẹ ṣe ń jẹun nìkan ló yàtọ̀. Bí ara aláìsàn ṣe ń tú oògùn palẹ̀ yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ DPD ló ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn yìí. Àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2020 pé láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó tó ẹni 9 nínú 100 tí tiwọn kéré, àti ẹni kan nínú 200 tí kò ní i rárá. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tí a ń fún gbogbo èèyàn, oògùn náà lè pa á. Àjọ náà ní kí wọ́n máa yẹ DPD wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ mọ̀ pé àyípadà jíìnì kan wà tí wọ́n ń bá lára àwọn èèyàn tó ti Áfíríkà wá, tí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ funfun lè má wò rárá. Bí dókítà bá dárúkọ 5-FU tàbí capecitabine fún ẹni yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè yẹ DPD wò?" Bí kò bá sí àyẹ̀wò náà nítòsí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí ẹnu rẹ̀ wá bó tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru mú un láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ sì dá hóró dúró títí ẹ ó fi rí wọn.

Ṣé ìyá ọmọ yìí lè rí ẹ̀dà kékeré jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣe? Òótọ́ la sọ fún un: kò tíì sí nínú ìtọ́jú ojoojúmọ́. Lókè òkun náà, inú ìwádìí ló pọ̀ sí. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é fún yín kí ẹ san owó sí àkáǹtì òun, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n bíbi kókó léèrè kò parí síbẹ̀. Ní ilé níbí, wọ́n lè yẹ jẹjẹrẹ ọmú wò bóyá ó ń gbọ́ ti estrogen àti progesterone, ìyẹn omi ara obìnrin tó ń mú kókó dàgbà, àti bóyá ó ní HER2. Bí ó bá ń gbọ́ ti estrogen, oògùn oníhóró bíi tamoxifen wúlò fún un. Bí HER2 bá pọ̀, oògùn ọ̀tọ̀ wà fún un. Bí kò bá ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ètò mìíràn ni wọ́n á ṣe, irú èyí sì pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí lè bàjẹ́ nítorí ohun kékeré kan tó jẹ́ ti ẹbí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gbé ìgò tí ẹran náà wà nínú rẹ̀ lé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí láàbù. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ gbé e lọ sílé sùn. A ti rí ẹni tó da omi lásán sí i kó má bàa gbẹ. Fọ́málìn ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó bo ẹran náà dáadáa, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ náà. Ẹran tó ti bàjẹ́ lè parọ́ pé kò ní ohun tó ní, wọ́n á sì fi oògùn tó yẹ aláìsàn dù ú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, láàbù máa ń tọ́jú ìyókù sínú ìda bí ti àbẹ́là. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹbí ti lè rí i. Ọdún méjì sí i, àyẹ̀wò tuntun lè nílò rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lo díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìwádìí, ẹ rántí Henrietta Lacks. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ẹ gbọ́: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, ṣé orúkọ yín á hàn, ṣé ẹ lè yọwọ́ bó bá yá. Ẹ lè kọ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ìtọ́jú yín lọ́wọ́. Síbẹ̀ èrò tiwa ni pé bí wọ́n bá béèrè dáadáa, kí a máa gbà. Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dà kékeré tó wà láyé báyìí ti wá. Bí tiwa kò bá sí níbẹ̀, ìdáhùn kókó tiwọn ni wọn ó máa fi wo ìyá wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ẹni tó ń gba kímò jẹ́ aláìsàn, Ọlọ́hun sì ti fún aláìsàn ní àyè. Kó bi dókítà rẹ̀, kó bi ààfáà rẹ̀, kó má fi ìtìjú gbà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀ kí jẹjẹrẹ lè kú, ohun tí a sọ nípa ẹ̀dọ̀ ni kó tún kà. Oúnjẹ rẹ̀ ni ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, èso tí a fi omi tó mọ́ fọ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ bí inú bá ń rìn ín. Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kó tẹ̀lé ti àtọ̀gbẹ rẹ̀. Mínírà tí a bù ṣúgà sí rẹpẹtẹ kò dára fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú jẹjẹrẹ tàbí láìsí i, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí kí a gba ọsàn lọ́wọ́ ẹni tó ń rù.

Ọmọ náà tún wá bá wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ìyá ti ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo padà. Wọ́n ti fún un ní kímò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n wo ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ dáadáa, estrogen àti progesterone nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí HER2. Wọ́n lọ sí láàbù, wọ́n bá ẹran náà nínú ìda rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Èsì kò tíì dé nígbà tí à ń kọ èyí.